Ọkọ̀ Tó Ti Darúgbó: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Tà Á?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Ìkéré-Èkìtì

Àwa tí ẹ yàn sínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò ni a tọrọ àyè láti bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun kan ti ń fara hàn nínú ìwé tí ẹ ń kọ sí wa. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ yáwó, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni, tàbí owó ajílẹ̀, tàbí owó páànù tí yóò fi bo ilé. Ní báyìí, èyí tí a ń rí jù ni ìwé tí a kọ sínú rẹ̀ pé: "Mo fẹ́ fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ṣe." Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀kan wá láti Ìsẹ̀, ọ̀kan láti Èmùré, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù Peugeot 504 tí a fi ń kó kòkó láti oko wá sí ilé ìkẹ́rùsí wa.

A kò bínú sí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́, ẹni tó bá sì ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, ìfowópamọ́ tirẹ̀ ló fi ń dúró. Bí ọkọ̀ tí a yáwó tún ṣe bá tún kú lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni tó yáwó kò ní rí ohun tí yóò fi san án, ilẹ̀kùn onídùúró ni a ó sì lọ kàn. Ẹ̀yin náà mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ba àárín ọ̀rẹ́ jẹ́, tí ó sì ń ba àárín ìyekan jẹ́ pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó gbé wa débí. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà gan-an sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ìgbà tí olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba ń fi owó-oṣù ra ọkọ̀ ìjàpá tuntun, tí àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ṣe dáadáa sì ń lọ gbé Peugeot wálé. Láti ọdún 1986 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjà díye lé náírà, ìgbà yẹn ti di ìtàn, tòkúńbọ̀ ló sì gba ìgboro. Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 2023 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni a gbọ́ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń tó nǹkan bí 1,000. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sí ọjà. Dọ́là tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 ní ọdún 2024. Ẹni tó ti ń tu owó jọ láti ra tòkúńbọ̀ mìíràn wá rí i pé bí òun ṣe ń sún mọ́ ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń sún síwájú. Kò sí ohun tó kù ju kí ó di èyí tó wà lọ́wọ́ mú.

Kì í ṣe àwa nìkan nirú rẹ̀ dé bá. Ní orílẹ̀-èdè Kúbà, láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá ọjà dúró fún wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti rà ṣáájú ọdún 1960 ni wọ́n ṣì ń gùn kiri, tí wọ́n ń ki ẹ́ńjìnnì dísù láti inú ọkọ̀ mìíràn bọ̀ wọ́n nínú. Nítorí náà, kí ọkọ̀ dàgbà kò sọ pé ó ti kú. Ohun tí a ń wá ni bí a ṣe máa mọ èyí tó kàn ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tó ti ń kú lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì kí ó tó wádìí rẹ̀. Kò sí babaláwo tó máa pe ẹbọ kí ó tó dífá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi mángòrò, ẹ ó gbé ọkọ̀ dé, mẹkáníìkì kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀ tán, ó ti ń wí pé, "Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ, ẹ lọ ra òmíràn." A kò bú mẹkáníìkì o. Àwọn kan wà láàárín wọn, ní Ìkéré níhìn-ín àti ní Adó, tí etí wọn mú ju ti dókítà lọ. Àwọn tí à ń sọ ni àwọn tí ń fi owó oníǹkan dán an wò: wọ́n á pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, bí kò bá jẹ́ òun, wọ́n á pààrọ̀ páǹpù epo, bí kò bá jẹ́ òun, wọ́n á ní ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Agodi Gate ní Ìbàdàn lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè rí nǹkan púpọ̀ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Kí ó wo èéfín. Bí èéfín bá dúdú, epo ló ń pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́: ó lè jẹ́ àsẹ́ afẹ́fẹ́ tó dí, ó lè jẹ́ káàbúrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí ń fọ́n epo. Ìyẹn kì í sábà pa ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀ nìkan ló yọ, tó sì lọ, rọ́bà orí fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ń yọ nígbà gbogbo tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gun òkè, ẹ fura sí ríìngì písítìnì. Àwọn tó ní Toyota Corolla ọdún 1998 sí 2002 mọ èyí dáadáa, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn àtimu ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ṣe písítìnì rẹ̀ ló fà á. Bí èéfín bá funfun tó sì nípọn, tí kò lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, omi ń wọlé síbi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ fa geéèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti dà bí tíì onímílíìkì, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́.

Ìgbóná ni a fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń pa ọkọ̀ jù lọ ní agbègbè tiwa, pẹ̀lú òkè tó wà lójú ọ̀nà wa àti ẹrù tí à ń dì kọjá agbára ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń hó kò tíì ní àìsàn orúkọ kan. Ó lè jẹ́ ọ́ọ̀sì tó là. Ó lè jẹ́ ìdérí rédíétọ̀ tí kò dì mọ́, ohun kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ìdérí yẹn ló ń fún un pa tí kì í fi í tètè hó; bí rọ́bà rẹ̀ bá ti jẹ, omi á hó á sì tú dànù bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ fáànù tí kò yí, tàbí páǹpù omi, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí inú rédíétọ̀ nítorí pé omi odò ni a ti ń bù sí i láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan a máa da ẹyin tàbí ata gígún sí i láti dí ojú ibi tó ń jò. Ọbẹ̀ kọ́ ni à ń sè o! Ohun tó dí ojú ihò náà yóò dí gbogbo ọ̀nà omi tó kù pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ojú tí omi yẹn bá bó kì í padà sí bó ṣe wà.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti ṣe: wọ́n á yọ tẹ̀mósítáàtì sọnù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, òyìnbó tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ló nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀mósítáàtì ni ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ ní tútù. Ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà yóò wá rò pé òwúrọ̀ ni, yóò sì máa fún un ní epo púpọ̀. Ní ayé tí lítà epo ti di ohun tí à ń fi orí rò yìí, ẹni tó yọ tẹ̀mósítáàtì ń da owó sójú ọ̀nà láti Ìkéré dé Àkúrẹ́ lójoojúmọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé omi ń dínkù láìjò sílẹ̀, tí rédíétọ̀ sì ń ru ìfófòó bí ẹ ti ń tan ọkọ̀, ìgbà yẹn ni kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gáásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù. Ó ní ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n láìtú ohunkóhun, òun sì ni a fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wa lónìí ju ohun gbogbo lọ. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní aago kékeré kan tí à ń dè mọ́ ojú ihò pọ́ọ̀gì, tó ń wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀mpírẹ́ṣọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ gbóná, wọ́n á yọ gbogbo pọ́ọ̀gì, wọ́n á já epo àti iná rẹ̀, ẹnì kan á tẹ tòrótù dé ilẹ̀, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ yí i nígbà díẹ̀. Ká sọ pé sílíńdà mẹ́ta fi 150 hàn, tí ọ̀kan fi 90 hàn. Wọ́n á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú èyí tó rẹ̀ ẹ́ yẹn, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí aago bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni kí a wò, tàbí gáásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá sì jẹ́ sílíńdà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ló rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gáásíkẹ́ẹ̀tì ló jó láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ìró ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Tí-tí-tí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ fáàfù tó fẹ́ kí a tún àyè rẹ̀ ṣe, tàbí ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀. Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ tó jinlẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń le sí i bí ẹ bá ti ń gun òkè, bẹ́rìǹ orí kíráńkì ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, tàbí tó rí iná pupa ọ́ìlì lójú ọ̀nà, kí ó paná ọkọ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ àárín igbó. Máìlì márùn-ún tó bá tún rìn ló ń sọ iṣẹ́ bẹ́rìǹ di iṣẹ́ odidi ẹ́ńjìnnì.

Ní ti iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ibi kan náà tí a lè ti kà á, púpọ̀ nínú tòkúńbọ̀ wa sì ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá kà kì í ṣe ìdájọ́. Bí ó bá kọ P0301, ohun tó sọ ni pé sílíńdà kìíní kò jó epo dáadáa. Kò sọ bóyá pọ́ọ̀gì ni, tàbí kọ́ìlì, tàbí fáàfù. Ẹni tó bá kà á tó sì ní kí ẹ lọ ra nǹkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀. Nígbà mìíràn ọkọ̀ kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀ jù wọ orílẹ̀-èdè wa, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀. Epo ló yẹ kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń kú nígbà náà kọ́kọ́ fà dànù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé mẹ́ta tó wà níwájú wa.

Ti Ìsẹ̀ jẹ́ Corolla tí ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ń kó èrò láti Ìsẹ̀ sí Ìkéré. Ó ń hó, ó sì ti ń rọ. Wọ́n ní kí ó ra ẹ́ńjìnnì tòkúńbọ̀, iye rẹ̀ ló sì kọ sínú ìwé. A ní kí ó lọ wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀nù ná. Sílíńdà kejì àti ìkẹta ló rẹ̀, tí ìkínní àti ìkẹrin sì lágbára. Ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, kò sí gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ nísàlẹ̀. Gáásíkẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n yóò sì gbé tọ́ọ̀pù lọ síbi tí wọ́n ti ń fá a kí ojú rẹ̀ lè tẹ́. Ìwé mìíràn tó kọ wá kò tó ìdá mẹ́rin owó àkọ́kọ́, a sì ti bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tó bá sì di dandan fún láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ó gba rísíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ó lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, nítorí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé náà.

Ti Èmùré ló nira fún wa. Ìyá wa kan ni, tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu lọ sí Àkúrẹ́, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ti gbó. Èéfín aláró ń yọ nígbà gbogbo, ọ́ìlì tí wọ́n kán sí i gbé aago sókè nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ríìngì ti jẹ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n gíàbọ́ọ̀sì náà ti ń fò jáde, ìpẹta sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀ débi pé ẹ lè máa wo ọ̀dà láti ibi ìjókòó. A kò ní pe iye owó rẹ̀ gan-an ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé àtúnṣe gba 850,000 náírà. Bí a bá tà á bó ṣe wà, 600,000. Bí a bá tún un ṣe tán, kò lè kọjá 1,100,000. A jẹ́ pé a ná 850,000 láti fi 500,000 kún iye rẹ̀. Ẹnì kan lè wí pé kì í ṣe tità ló fẹ́ tà á, iṣẹ́ ló fi ń ṣe. Ó dára. Bí ó bá háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn, 15,000 ni ìrìn kan. Bí ó bá lo tirẹ̀, epo, awakọ̀ àti àtúnṣe wẹ́wẹ́ jẹ́ 11,000. Ó jèrè 4,000 ní ìrìn kan. Ìrìn méjì lọ́sẹ̀, nǹkan bí 32,000 lóṣù. Yóò tó oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó lé kí 850,000 tó padà, láìka èlé, oṣù mẹ́wàá péré sì ni ẹgbẹ́ fi ń gba ẹ̀yáwó. Gíàbọ́ọ̀sì yẹn kò lè dúró títí ìgbà náà.

A kò lè fi tọkàntọkàn bu ọwọ́ lu ìyẹn. Ohun tí a bá ìyá náà sọ, tó sì ń rò ó, ni pé kí ó tà á nígbà tó ṣì ń rìn, kí ó fi díẹ̀ háyà ọkọ̀ fún sáà yìí, kí ó sì fi èyí tó kù kún ìfowópamọ́ rẹ̀. Ìyá méjì mìíràn láti Èmùré ń kó irú ọjà kan náà lọ sí Àkúrẹ́. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá para pọ̀ kọ ìwé ẹyọ kan fún ọkọ̀ ẹyọ kan, tí ìrìn náà di mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìṣirò náà yóò yí padà pátápátá, a ó sì gbà á wò. A mọ̀ pé kò rọrùn kí ènìyàn ta ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ó ku ti ẹgbẹ́. Akẹ́rù wa ti rọ, ó ń mu ọ́ìlì, sílíńdà méjì ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù Peugeot 504 ní ohun kan tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun kò ní: láínà inú sílíńdà rẹ̀ ṣeé yọ, omi ló yí i ká. A lè fa láínà àti písítìnì àtijọ́ jáde, kí a ti tuntun bọ̀ ọ́, láìgbé bọ́lọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ẹ́sẹ́ńsì ọkọ̀ náà ṣì le, abẹ́ rẹ̀ kò jẹ, gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Púpọ̀ nínú wa nínú ìgbìmọ̀ gbà pé kí a tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wa kò gbà. Ó ní ẹ̀yà rẹ̀ tó dára ti ń ṣọ̀wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ títo 504 ní Kàdúná, pé ayédèrú ló kún ọjà, àti pé epo tó ń mu ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́ fún yín.

Ohun tí yóò pinnu rẹ̀ ni kíráńkì. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́, tí ó sì ti jẹ kọjá ibi tí bẹ́rìǹ lè bá a mu, àwa náà yóò dara pọ̀ mọ́ ẹni tó ní kí a tà á. Mẹkáníìkì méjì tí kò mọ ara wọn ni yóò wọ̀n ọ́, olúkúlùkù yóò sì kọ iye owó tirẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé yóò ka ìwé méjèèjì sí yín létí ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ó sì dìbò. Kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà a ní láti parí rẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó wọlé.

Láti òní lọ, ẹni tó bá kọ ìwé ẹ̀yáwó fún ẹ́ńjìnnì, kí ó fi mẹ́ta kún un: ìwé kọ̀mpírẹ́ṣọ̀nù tí nọ́ńbà sílíńdà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, iye owó láti ọwọ́ mẹkáníìkì méjì, àti iye tí ọkọ̀ náà ń mú wọlé lọ́sẹ̀ lẹ́yìn epo. Onídùúró náà gbọ́dọ̀ ti rí ìwé wọ̀nyí kí ó tó bu ọwọ́ lù ú. Akápò ní fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kí ó wá bá wa ní ilé ìkẹ́rùsí ní ọjọ́ ọjà, a ó bá a kọ ọ́.